Nígbà tí ìṣirò akẹ́kọ̀ọ́ kan dá chromium láre

Práátíkà kan ṣoṣo ni àkọsílẹ̀ yìí dá lé lórí, nínú inorganic chemistry fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta. Ẹ̀ẹ̀mejì la yí i padà kó tó rí bó ṣe yẹ kó rí. Èmi ni mo ń bójú tó kíláàsì náà, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ń gbèrò àtikó kẹ́míkà olóró kúrò níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ ti parí ni iṣẹ́ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyí. Akẹ́kọ̀ọ́ á wọn potassium dichromate gíráàmù 1.9. Á da oxalic acid àti potassium oxalate sínú omi gbígbóná kí wọ́n yọ́, á wá máa bu dichromate yẹn sí i díẹ̀díẹ̀. Àpòpọ̀ náà á máa ho yaya bí carbon dioxide ti ń jáde nínú rẹ̀, àwọ̀ ọsàn á máa ṣókùnkùn lọ. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán tó sì tutù, kírísítálì potassium tris(oxalato)chromate(III) á yọ. Lójú lásán, ó dúdú bí aró. Gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, wàá rí búlúù àti elése àlùkò nínú rẹ̀. Ó rẹwà. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń kọ́ ọ, mi ò sì rántí kíláàsì kan tí ẹnì kan kò ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá wò ó.

Ibi òṣùwọ̀n ni ọkàn mi kì í ti í balẹ̀. Ẹ lọ wo òṣùwọ̀n kan lẹ́yìn tí akẹ́kọ̀ọ́ ogójì bá ti wọn dichromate lórí rẹ̀. Ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn tín-ín-tìn-ìn-tín á wà yí ká àwo rẹ̀, á wà lára bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ kó lè padà sí òdo, á wà lára ilẹ̀kùn kékeré onígíláàsì tí gbogbo ọwọ́ ń kàn. Chromium(VI), ìyẹn chromium tó ti pàdánù electron mẹ́fà, ló wà nínú dichromate. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti fi chromium(VI) sí ìsọ̀rí kìn-ín-ní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ lára ènìyàn. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá ń fà á símú wà nínú ewu. Tó bá sì ń kan ara, ó lè dá egbò sí i, awọ ara sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́ débi pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ á ti máa mú kó sú.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, máa ń sọ pé àníyàn mi ti pọ̀ jù. Ó ní tí iṣẹ́ bá fi máa parí, chromium(VI) á ti di chromium(III), oró ìyẹn kò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú bíkà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mí. Ibi òṣùwọ̀n ló ti ń mí.

Ìyípadà àkọ́kọ́

A gbé irin rọ́pò chromium. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe wá di potassium tris(oxalato)ferrate(III), èyí tó jọ ti tẹ́lẹ̀ ní ìrísí molecule rẹ̀: ion mẹ́tàlì kan láàárín, oxalate mẹ́ta tó dì í mú yíká. Ọ̀nà rẹ̀ rọrùn. Iron(III) chloride gíráàmù 4.4 nínú omi díẹ̀, potassium oxalate gíráàmù 9.0 nínú omi gbígbóná, da ìkíní sínú ìkejì, gbé e sínú yìnyín. Láàárín ìdajì wákàtí, kírísítálì aláwọ̀ ewé tó ń tàn yanran á ti kún ìsàlẹ̀ bíkà. Kò sí èéfín, kò sí pé à ń gbẹ omi lórí iná fún wákàtí kan, kò sì sí ìyẹ̀fun ọsàn.

Inú mi dùn. Mo kọ sí iwájú ìwé práátíkà pé a ti bẹ̀rẹ̀ green chemistry, ìyẹn kẹ́mísírì tí kì í ṣe ènìyàn àti àyíká léṣe, mo sì to àwọn ìlànà méjìlá tí Paul Anastas àti John Warner gbé jáde ní 1998 síbẹ̀. Mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣírò atom economy ọ̀nà méjèèjì, ti chromium àti ti irin, kí wọ́n fi wọ́n wéra nínú rípọ́ọ̀tù wọn. Barry Trost ló gbé èrò yìí kalẹ̀ ní 1991: nínú gbogbo ohun tí o dà sínú bíkà, ìdá mélòó ló máa wà nínú ohun tí o fẹ́ ṣe, tí nǹkan kan ò bá tiẹ̀ dà nù? Mo rò pé mo ti mọ ìdáhùn. Mi ò ṣírò rẹ̀ fúnra mi kí n tó fún wọn, àṣìṣe mi sì nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì náà wá bá mi ní ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.

“Ẹ káàsán, Sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣirò yìí, bóyá mo ti ṣì í.”

Mo gbà á. Ó kọ ọ́ mọ́ tónítóní. Ní ti chromium, dichromate mole kan (mole ni òṣùwọ̀n tí a fi ń ka molecule), oxalic acid mole méje àti potassium oxalate mole méjì jẹ́ gíráàmù 1,545 lápapọ̀, tí a bá ka omi tó wà nínú kírísítálì wọn mọ́ ọn. Ohun tí a fẹ́ jáde jẹ́ mole méjì, ìyẹn gíráàmù 975. Ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ti irin, gíráàmù 823 wọlé, gíráàmù 491 jáde. Ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ṣì í.

“Ìṣirò rẹ pé.”

“Kí ló wá dé tí a fi kúrò lórí chromium, Sà?”

Mo dáhùn pé nítorí oró rẹ̀ ni. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: “Ẹ ò ní ká ṣírò oró, Sà. Átọ́ọ̀mù lẹ ní ká ṣírò.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Nínú ìlànà méjìlá tí mo lẹ̀ mọ́ iwájú ìwé, atom economy ni ìkejì. Kí a yan ọ̀nà tí kò ní oró ni ìkẹta. Òun dúró lórí ìkejì, èmi dúró lórí ìkẹta, kò sì síbi tí mo ti kọ́ wọn ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí ìlànà méjì bá fa ọ̀rọ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo kàn tò wọ́n sílẹ̀ ni.

Nígbà tí mo fara balẹ̀ wò ó, mo rí ohun tó fà á. Ohun tí ọ̀nà irin ń sọ nù ni potassium chloride mole mẹ́ta àti omi. Potassium chloride yẹn wúwo, òun ló sì fa ìdá irin wálẹ̀. Ọ̀nà chromium ń sọ carbon dioxide àti omi nù. Atom economy ń wo ìwúwo ohun tó dà nù, kì í béèrè irú ohun tó jẹ́. Iyọ̀ tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan àti májèlé tí ìwúwo wọn bá dọ́gba, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú rẹ̀.

Ìgò acetone

Ẹjọ́ kejì dé láti ọ̀dọ̀ àgbà obìnrin tó ń mójú tó láàbù wa. Gbogbo wa, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, Màmá la ń pè wọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí lọ́jọ́ kejì práátíkà náà.

“Dókítà, ẹ wá wo nǹkan.”

Wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì. Ìgò pàǹtí onílítà méjì ààbọ̀ wà níbẹ̀, ó kún dé ọrùn. “Ó ṣófo nígbà tí mo gbé e síbẹ̀ láàárọ̀ àná. Acetone nìkan ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí à ń ṣe ti chromium, ìgò kan ń tó wa fún sáà kan.”

Mo padà lọ ka ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ sínú ìwé práátíkà: “fi acetone fọ kírísítálì náà dáadáa, kó lè gbẹ.” Mi ò sọ iye. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá àmì ẹ̀yẹ kì í fọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan. Ìgò ìfọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń tẹ̀ ẹ́, acetone ń tú jáde, kírísítálì ń dán sí i, ìyẹn ń mú inú rẹ̀ dùn. A bá wọn wò ó nígbà tó yá, a sì rí i pé nǹkan bíi mílílítà 60 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lò.

Ibí yìí ni E-factor ti wúlò. Roger Sheldon ló gbé e jáde ní 1992: kó gbogbo pàǹtí tí iṣẹ́ kan bí jọ, wọ̀n ọ́n, kí o fi ìwúwo ohun tí o rí pín in. Bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló ṣe dára tó. Ẹ jẹ́ ká mú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó rí gíráàmù 5.6 nínú gíráàmù 8.0 tó yẹ kó rí. Ohun tó wọ bíkà, láìka omi, jẹ́ gíráàmù 13.4, nítorí náà pàǹtí rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 7.8, E-factor rẹ̀ sì jẹ́ 1.4. Ẹ wá fi acetone mílílítà 60 kún un. Ìyẹn gíráàmù 47. E-factor fò sókè sí 9.8. Práátíkà tí mo pè ní èyí tí kì í ba àyíká jẹ́ ń sọ ìlọ́po mẹ́wàá ohun tó ń mú jáde nù, gbólóhùn kan tí mi ò rò dáadáa kí n tó kọ ọ́ ló sì fà á.

Lítà omi mélòó?

Mo gbé ìbéèrè ọmọbìnrin náà fún gbogbo kíláàsì. Mi ò fi ìdáhùn kankan sí i. Mo ní: ìṣirò sọ pé chromium sàn ju irin lọ, ọkàn wa sì ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ wá ìṣirò mìíràn tó lè sọ ohun tí ọkàn wa ń sọ.

Wọ́n jiyàn fún bíi wákàtí kan. Ọmọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn ló wá sọ pé kí a wo bí omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bà jẹ́ ṣe pọ̀ tó. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí chromium tó wà nínú omi mímu má kọjá mílígíráàmù 0.05 nínú lítà kan, irú chromium yòówù kó jẹ́. Ìyẹn sì wúlò fún wa, nítorí pé kò fi ààyè sílẹ̀ fún àwíjàre pé ó ti di chromium(III). Nínú dichromate gíráàmù 1.9, chromium tó wà níbẹ̀ jẹ́ gíráàmù 0.67, ìyẹn mílígíráàmù 670. Ẹ pín in sí 0.05.

Lítà 13,400.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo wọ̀n sórí bébà kékeré yẹn, tí kò tó ṣíbí kan, tó láti gbé omi lítà 13,400 dé ẹnu ààlà tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹnì kan sọ ọ́ di ti akẹ́kọ̀ọ́ ogójì lójú ẹsẹ̀: lítà 536,000. Yàrá náà pa rọ́rọ́. Ní ti irin, àjọ kan náà kò fi ààlà kankan sí i nítorí ìlera. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tó bá ti kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà, ó máa ń yí aṣọ àti ohun èlò láwọ̀.

Mo sọ fún wọn, mo sì ń sọ fún ẹ̀yin náà, pé ìṣirò yìí kò pé. Kò mọ nǹkan kan nípa ìyẹ̀fun tí ènìyàn fà símú níbi òṣùwọ̀n. Kò ka oxalate, tó wà nínú ọ̀nà méjèèjì, tí kì í sì í ṣe ohun eré fún kíndìnrín. Kò ka iron(III) chloride tó máa ń jó ara. Ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ohun tí mi ò fún wọn: ọ̀nà tí wọ́n fi lè bi nọ́ńbà méjì ní ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n sì mọ èyí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè dáhùn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ nínú kíkọ́ni ní green chemistry, lójú tèmi, ni pé à ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti ṣírò nọ́ńbà kan, kó sì gbà á gbọ́.

Ohun tí ilé iṣẹ́ kì í kà

Ọjọ́ kan tí mo ń wá nǹkan mìíràn ni mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe sí. Ìgò kéékèèké tò lọ súà, orúkọ wà lára wọn, ọdún wà lára wọn. Àwọn tó ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde tipẹ́. Kírísítálì dúdú bí aró ló wà nínú wọn, ó gbẹ, ó mọ́, ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n tí wọ́n sì gba àmì lé e lórí.

Ó wá yé mi. Ilé iṣẹ́ ni Sheldon ń wò nígbà tó gbé E-factor jáde, ilé iṣẹ́ sì ń ta ohun tó bá ṣe. Pàǹtí nìkan ló máa ń wá ibi tó máa kó o sí. Àwa kì í tà. Nínú láàbù akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí a ṣe pẹ̀lú máa di pàǹtí lọ́jọ́ kan. Gíráàmù 5.6 tí mo fi pín yẹn, kọ́bọ́ọ̀dù ló ń lọ, lẹ́yìn náà ó ń lọ sínú ìgò pàǹtí. Tí a bá fẹ́ sòótọ́, gbogbo ohun tó wọ láàbù wa ló ń jáde ní pàǹtí, àyàfi tí a bá rí iṣẹ́ mìíràn fún un ṣe.

Ìyẹn ló bí ìyípadà kejì. Dípò kí n béèrè pé kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé mélòó ló nílò, fún kí ni.

A so práátíkà mẹ́ta pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, akẹ́kọ̀ọ́ á ṣe ferrate náà, ìyẹn kírísítálì irin aláwọ̀ ewé yẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, á fi potassium permanganate wá iye oxalate tó wà nínú ohun tó ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, á fi ìyókù ya àwòrán búlúù lórí bébà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nígbà náà la wá jókòó ṣírò ohun tí ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta máa jẹ. Permanganate 0.02 M nílò nǹkan bíi mílílítà 18 fún ferrate gíráàmù 0.15, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì máa ṣe é: gíráàmù 0.45. Ti àwòrán kò ju ìdajì gíráàmù lọ. Gíráàmù kan ààbọ̀ tó, ó tún ṣẹ́ kù. Kí la wá ń ṣe gíráàmù mẹ́jọ fún? A dá gbogbo rẹ̀ sí mẹ́rin, a mú ìdá kan: iron(III) chloride gíráàmù 1.1, potassium oxalate gíráàmù 2.25, omi sì dín ju bẹ́ẹ̀ lọ, mílílítà 7 péré.

Omi tí a dín kù yẹn tún ṣe wá lóore tí a ò retí. Ferrate náà máa ń yọ́ díẹ̀ nínú omi yìnyín, nǹkan bíi gíráàmù 4.7 nínú mílílítà 100. Nínú mílílítà 40 tí à ń lò tẹ́lẹ̀, èyí lè tó gíráàmù 1.9 tó ń bá omi lọ. Nínú mílílítà 7, kò tó gíráàmù 0.35. Ìdá ohun tí wọ́n ń rí lọ sókè, nítorí pé ohun tí wọ́n lò kéré.

Acetone ńkọ́? Mo bi wọ́n pé kí ló ń ṣe gan-an. Ìdáhùn wọn ni pé ó ń fọ kírísítálì. Mo ní kí wọ́n lọ wò ó bóyá potassium chloride máa ń yọ́ nínú acetone. Wọ́n padà wá: kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ rárá. Gbogbo acetone tí a ti ń dà sí i, kò fọ iyọ̀ kankan kúrò. Ó kàn ń mú un gbẹ kíá ni. A fi omi yìnyín mílílítà méjì rọ́pò rẹ̀, tí kò lè mú ju nǹkan bíi gíráàmù 0.09 lọ nínú ìkórè wọn, tó sì ń fọ iyọ̀ ní tòótọ́. Ní ti gbígbẹ, Màmá ya dúrọ́ọ̀ kan sọ́tọ̀: kírísítálì á sùn síbẹ̀ nínú òkùnkùn mọ́jú, láìná wa ní nǹkan kan.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí gíráàmù 1.5 báyìí, pàǹtí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, láìka omi, kò tó gíráàmù méjì. Tẹ́lẹ̀, tí a bá ka acetone, gíráàmù 55 ni.

Àwọn nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì

Ọmọkùnrin kan gbé kírísítálì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti gbẹ, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó bá a pé ojú rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè bí imí ọjọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó fi ṣíbí hó o, àwọ̀ ewé ṣì wà lábẹ́. Ó gbé e wá pẹ̀lú ojú tó rẹ̀wẹ̀sì, ó rò pé òun ti gbòdo. Mo pe gbogbo kíláàsì kí wọ́n wá wò ó. Ìmọ́lẹ̀ ló mú electron kan láti ara oxalate fún irin. Iron(III) di iron(II), oxalate fọ́ di carbon dioxide. Iṣẹ́ kan náà tí a máa lò ní ọ̀sẹ̀ kẹta láti ya àwòrán ló ti ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé. Ìdánilójú wà nínú iṣẹ́ yìí débi pé Hatchard àti Parker ní 1956 sọ ọ́ di ọ̀nà tí a fi ń wọn iye ìmọ́lẹ̀. A fi kírísítálì ọmọ náà ṣe àpẹẹrẹ, ó sì gba díẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì rẹ̀ fún iṣẹ́ tó kù.

Ewu tuntun wà tí èmi fúnra mi kò tètè rí. Màmá ló rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìgò pàǹtí kún fún sulphuric acid, nítorí inú ásíìdì gbígbóná la ti ń lo permanganate. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ ń lo potassium ferricyanide kí búlúù náà lè yọ. Ferricyanide fúnra rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ásíìdì líle lè tú hydrogen cyanide jáde lára rẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́ tó ń pani. Nígbà tí práátíkà méjèèjì wà lọ́tọ̀, ìgò wọn kì í pàdé. Èmi ni mo so wọ́n pọ̀. Wọ́n fi téèpù pupa di ọrùn ìgò ọ̀sẹ̀ kejì, búlúù fún ti ìkẹta, wọ́n gbé wọn sí kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọn kì í sì í gbé ìkejì jáde títí wọ́n fi ti ìkíní pa. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ohun tí a ṣe yìí, kó kọ́kọ́ wo èyí.

Ọ̀rọ̀ àmì náà tún ṣe. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá rí kírísítálì púpọ̀ ló ń gba àmì púpọ̀, àwọn kan sì ń wọ̀n ọ́n nígbà tó ṣì tutù kí omi lè bá wọn kún òṣùwọ̀n. Ìyẹn ti dópin láìjẹ́ pé mo bá ẹnikẹ́ni wí. Oxalate gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdá 53.8 nínú ọgọ́rùn-ún ferrate tó gbẹ. Ẹni tó bá wọn omi mọ́ ọn ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, permanganate á tú u fó ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ohun tí mo ń gba àmì lé lórí báyìí ni tábìlì kan tí wọ́n ń kọ fúnra wọn: gíráàmù kọ̀ọ̀kan tó wọlé, níbo ló lọ? Bébà ìsẹ́ mélòó, omi mélòó, kí ló wọ ìgò wo. Ọmọbìnrin kan tí ìkórè rẹ̀ kéré jù nínú kíláàsì ló gba àmì tó ga jù, nítorí pé ó wọn bébà ìsẹ́ rẹ̀ nígbà tó gbẹ, ó sì sọ ibi tí gíráàmù 0.2 tó sọnù wà.

Ohun tí a pàdánù

Mi ò ní purọ́ pé irin ń kọ́ni ní gbogbo ohun tí chromium ń kọ́ni. Chromium(III) ní electron mẹ́ta nínú d rẹ̀, ìyẹn ìpele electron tí àwọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Tí a bá gbé e síwájú spectrometer, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí nǹkan fà mu, ó ń fa ìmọ́lẹ̀ mu ní nǹkan bíi 570 nm àti 420 nm, òkè méjì tó hàn kedere, akẹ́kọ̀ọ́ á sì ṣírò agbára oxalate láti ara wọn. Iron(III) ní electron márùn-ún tí kò sí èyí tó ní ìkejì, ìyẹn sì mú kí àwọn òkè tirẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn. Fún ẹ̀kọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, irin ló dára jù: agbára mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ Bohr magneton 5.92, ti chromium jẹ́ 3.87. Fún ẹ̀kọ́ àwọ̀, kò tó chromium.

Àwọn ìgò tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ló yọ wá. Ferrate máa ń bàjẹ́ nínú ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n chromate(III) tí àwọn ọmọ àtijọ́ ṣe ṣì wà bó ṣe wà. A yan mẹ́ta tó mọ́ jù, a yọ́ díẹ̀ nínú wọn, a dì í sínú cuvette, ìyẹn ìgò kékeré tí à ń gbé sínú spectrometer, a lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ń lo cuvette kan náà fún spectrum. Bí a ṣe ń lò ó yìí, èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù á pẹ́ ju mi lọ lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹlẹgbẹ́ mi ṣì ń sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ mú ohun tó léwu kó tó jáde. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tí mi ò gbà ni pé ogójì ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, níwájú òṣùwọ̀n méjì, láìsí ẹni tó dúró tì wọ́n. Àwa méjèèjì ti wá fẹnu kò báyìí pé akẹ́kọ̀ọ́ méjì méjì ló máa ṣe é, pẹ̀lú Màmá.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a sì fún wọn ni dichromate tó ṣẹ́ kù. Ìgò kan ló kù, ó lé díẹ̀ ní ìdajì. Ìgbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wọn gíráàmù mẹ́wàá pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ nínú fume cupboard, ìyẹn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde, wọ́n á yọ́ ọ nínú omi tí a fi ásíìdì díẹ̀ sí, wọ́n á máa kán sodium bisulphite sí i. Sulphur dioxide máa ń rú jáde níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí a kì í fi í ṣe é níta. Àwọ̀ ọsàn á ṣú, á di àwọ̀ ewé. Wọ́n á wá máa fi sodium hydroxide díẹ̀díẹ̀ gbé pH rẹ̀ dé nǹkan bí 8, chromium hydroxide á rọ̀ sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ aláwọ̀ ewé tó dà bí eérú. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbẹ ẹ́. Màmá ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ń kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kan náà tí a ń kọ pàǹtí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí. Ó ṣì wà nínú báàgì nílẹ̀ láàbù, orúkọ àti ọjọ́ wà lára rẹ̀, a ń retí àwọn tó ní ìwé àṣẹ pé kí wọ́n wá kó o.